Kì í ṣe gbọ́mọgbọ́mọ ló fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi ní Mẹ́síkò

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ ká gbàgbé èdè ìyá wa nílẹ̀ òkèèrè níbí. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sí yín láti London lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí wọ́n ní òbí tí orí ẹ̀ bá pé ò ní kó ọmọ lọ gba fàájì létí òkun ní Mẹ́síkò, torí pé gbọ́mọgbọ́mọ àtàwọn tó ń ta oògùn olóró ló kún ibẹ̀. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Torí èmi lọ. Èmi, ọkọ mi, ọmọ wa mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi, a lọ ní July tó kọjá, ọjọ́ méje gbáko, mo sì fẹ́ fún bàbá yẹn lésì, kì í ṣe pé mo fẹ́ bá wọn jà o, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ní ká máa bẹ̀rù yẹn kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi káwọ́ lérí.

Houston là ń gbé. Láti ibí dé Cancún, ìlú etí òkun tá a lọ ní Mẹ́síkò, ò ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ nínú bàálù, ó yá ju kéèyàn wakọ̀ lọ sí Dallas lọ. Màámi, ìyá ọkọ mi, wá kí wa láti Ìbàdàn, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ wọn, a ti ń ronú pé wọ́n máa ní kí wọ́n lọ gba físà Mẹ́síkò, àṣé ẹni tó bá ti ní físà Amẹ́ríkà tọ́jọ́ ẹ̀ ò tíì pé, kò nílò físà wọn. Ẹ ò rí i pé a ti fi bẹ́ẹ̀ fò kọjá wàhálà kan. Bá a ṣe jáde ní pápákọ̀ òfuurufú báyìí, àwọn kan tó múra bí òṣìṣẹ́ ìjọba yí wa ká, ẹ wá, ẹ wá, òtẹ́ẹ̀lì yín dà, mọ́tò yín dà, àwọn tó ń ta timeshare ni, ìyẹn ìpín nínú ilé ìgbafẹ́ téèyàn á máa lò fún ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún, ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ máa lọ ní tiyín.

Lórí ọ̀rọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ, mi ò ní parọ́, Mẹ́síkò ní wàhálà tiẹ̀, orílẹ̀-èdè ńlá ni, ìpínlẹ̀ 31 pẹ̀lú olú-ìlú, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra wọn pín gbogbo ẹ̀ sí ìpele ìpele, àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí wọ́n ní kí ará ilé wọn má fẹsẹ̀ tẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n Quintana Roo tí Cancún wà ò sí lára ìyẹn, ṣe ni wọ́n kàn ní kéèyàn lajú. Ṣé ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n tún máa kọ́ pé kó lajú? Ṣọ́jà tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ń rìn lórí iyanrìn láàárín àwọn tó wọ pátá ìlúwẹ̀ẹ́, àwọn ọmọ mi rò pé sinimá ni wọ́n ń yà. Dírẹ́bà tó gbé wa ní nígbà tí wọ́n bí bàbá òun kò sí nǹkan kan níbẹ̀, igbó, iyanrìn àti apẹja díẹ̀ ni, 1970 nijọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Cancún, àní Quintana Roo gan-an ò di ìpínlẹ̀ títí di 1974. Màámi ní ìlú tí ò tó òun lọ́jọ́ orí ni.

Òtẹ́ẹ̀lì tá a dé sí wà lápá ìsàlẹ̀, nítòsí Playa del Carmen. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ti gba gbogbo owó sílẹ̀ kéèyàn tó dé ni, wọ́n á so bándì mọ́ ẹ lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n gbà sí wọ́ọ̀dù, o ti lè jẹ kó o mu títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ ní kọ́bọ̀. Màámi ò gbà á gbọ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, bí wọ́n bá gbé ẹja síwájú wọn wọ́n á yọjú sí mi, "Ìyá Ìbejì, èló lèyí?" Nígbà tó di ọjọ́ kẹta wọ́n ti ń fi náílọ́ọ̀nù di búrẹ́dì sínú báàgì.

Oúnjẹ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀ torí ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n gbé omi pupa kan wá nínú jọ́ọ̀gì, wọ́n pè é ní agua de jamaica, Màámi tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ife sílẹ̀, wọ́n ní "Zobo rèé!" Zobo ni lóòótọ́, òdòdó ìṣápá kan náà ni, àfi pé wọn ò fi atalẹ̀ sí tiwọn. Ata habanero wọn, ọmọ ìyá kan náà lòun àti ata rodo wa, òórùn ẹ̀ lásán ti gbé mi dé Ọjà'ba. Àwọn Òyìnbó tá a jọ jókòó ń fi ẹnu ṣíbí kan án, Màámi ń bù ú sórí ìrẹsì. Láàárọ̀, obìnrin kan máa ń wá sẹ́nu géètì òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń tà fún, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì tí wọ́n sè, tamal ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú ògì gbígbóná tó nípọn nínú ife, atole nìyẹn. Ẹ rántí pé ilẹ̀ Mẹ́síkò yìí gan-an ni àgbàdo ti ṣẹ̀ wá, tá a bá ń jẹ ẹ̀kọ a ń jẹ nǹkan wọn ni. Màámi á tú ewé, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ júwe fún obìnrin yẹn pé ìyọ̀ kù díẹ̀. Òun náà á fi ọwọ́ júwe nǹkan tí mi ò mọ̀, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mọ́ Màámi jù ní gbogbo ìrìn-àjò yẹn nìyẹn, wọn ò sì fi bándì ra á.

Ẹ jẹ́ n wá dé ibi tí mò ń lọ.

Fọ́tò tí wọ́n fi tan wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, omi òkun ibẹ̀ dà bí aró tí wọ́n fi omi là, ó mọ́ gaara. Àwa bá ewé. Ewé òkun aláwọ̀ bí èyí tó gbẹ, sargazo ni wọ́n ń pè é, ó so mọ́ra ó lé fòó wá láti àárín òkun, ó kún etíkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó bá sì ti jẹrà nínú oòrùn á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Wọ́n ní láti 2011 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Òkun Caribbean bẹ́ẹ̀, oṣù ooru ló sì ń pọ̀ jù. Láti ìdájí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń fi fọ́ọ̀kì gígùn kó o sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù, kí wọ́n tó kó tán òmíràn á ti dé. Àsíá pupa tún wà lórí òpó, torí etíkun ibẹ̀ ní àsíá, aláwọ̀ ewé ni kò séwu, yẹ́lò ni kéèyàn ṣọ́ra, pupa ni má wọ̀ ọ́, tó bá wá di dúdú wọ́n ti pa etíkun náà dé. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, a gbọ́ràn, gbogbo wa fi òkun sílẹ̀ fún ewé, a kó wọ púùlù. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òkun tó ń pariwo la ń bẹ̀rù, omi tó dákẹ́ tí wọ́n fi táìsì búlúù sí lábẹ́, a fọkàn tán an.

Ọjọ́ kẹrin ni, aago mẹ́rin ku díẹ̀. Bàbá Ìbejì lọ gba ohun mímu, àkọ́bí wa obìnrin ń kàwé lórí àga, Màámi ń tòògbé lábẹ́ búkà koríko, èmi jókòó sétí púùlù, ẹsẹ̀ mi wà nínú omi o, ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò sí nínú yàrá, mi ò sùn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nínú omi, mò ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Táyé wà níwájú mi, ó ń bu omi láti ife kan sí ìkejì. Kẹ́hìndé náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo wo fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n. Ibi tí wọ́n dúró sí, omi ò kọjá àyà wọn, ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ilẹ̀ púùlù yẹn ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, kò sí okùn tí wọ́n ta, kò sí ilà tí wọ́n fà, ọmọ tó bá gbé ẹsẹ̀ bíi mẹ́fà síwájú, omi á ti bò ó lórí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo kà á nínú ìwé pé ẹni tó ń rì kì í pariwo, mo kà á mo sì yege ìdánwò ẹ̀, síbẹ̀ ohun tó wà lọ́kàn mi ni tinú fíìmù, pé ọmọ á ké, á máa fọwọ́ na omi pàà pàà. Kẹ́hìndé ò ké. Ibo ni ẹni tí ò rí èémí mí á ti rí ohùn ké? Orí ẹ̀ dà sẹ́yìn, ẹnu ẹ̀ wà lójú omi gẹ́lẹ́, ó ń wọlé ó ń jáde, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì ń tẹ omi mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń gun àkàbà tí kò sí níbẹ̀. Èèyàn tó wà nínú púùlù yẹn á tó ogún. Ọkùnrin kan tó gbé bíà dání, tó bá na ọwọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó rí i.

Táyé ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mummy, Kẹ́hìndé ń ṣeré kan, kò pè mí sí i."

Kí n tó gbójú sókè mo ti gbọ́ gbìì nínú omi. Ọmọkùnrin tó ń pín táwẹ́ẹ̀lì, ọmọ tí ò lè ju ogún ọdún lọ, fò wọlé pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú káàdì orúkọ tó lẹ̀ mọ́ àyà ẹ̀, ó sì gbé ọmọ mi sókè. Kẹ́hìndé pọ omi sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wá figbe ta. Láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, mi ò tíì gbọ́ igbe ọmọ tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Dókítà òtẹ́ẹ̀lì wò ó, èmi náà gbọ́ àyà ẹ̀, a ò sùn mọ́jú, torí ọmọ tí omi bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ lè dà bí ẹni tára ẹ̀ ti yá, kó tó di pé mímí bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ẹ jọ̀ọ́, bírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe torí pé ó ti rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ jẹ́ kó lọ sùn láìwò ó.

Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gba táwẹ́ẹ̀lì, pátákó kékeré kan wà: No hay salvavidas. Pé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ omi. Wọ́n kọ ti Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń kọjá níwájú ẹ̀ tí mò ń gba táwẹ́ẹ̀lì. Mo lọ bá mánijà, mo pariwo, ó ní kí n má bínú, ó ní ṣùgbọ́n pátákó wà níbẹ̀ ma. Òótọ́ ló sọ, pátákó wà níbẹ̀.

Màámi ní kí wọ́n pe ọmọ táwẹ́ẹ̀lì yẹn wá. Ó dé, aṣọ ẹ̀ ṣì tutù, ojú ń tì í, ó rò pé a fẹ́ fẹjọ́ sùn ni. Màámi gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúre ní Yorùbá, kò ní pàdánù, omi ò ní gbé e, ọmọ ẹ̀ ò ní ṣaláìsí lójú ẹ̀, ìyá ẹ̀ á jèrè ẹ̀. Níbi tó yẹ ká ti ṣe àmín, ọmọ náà á tẹrí ba, á ní "sí, señora," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màámi wúre fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sí, señora. Sí, señora. Bàbá Ìbejì fún un lówó, kò fẹ́ gbà á, Màámi fi tipátipá tì í bọ àpò ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo ní omi kankan ò kàn mí mọ́. Ṣùgbọ́n a ti sanwó ibi kan tí wọ́n ń pè ní cenote, a sì lọ. Apá Yucatán yẹn, níbi tí Cancún náà wà, ẹ ò ní rí odò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀, òkúta ẹfun ni gbogbo abẹ́ ẹ̀, òjò tó bá rọ̀ á rin wọlé, ihò ńláńlá ló wà nísàlẹ̀, níbi tí òrùlé ihò bá ti wó, kànga ńlá ló máa ń ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, omi inú ẹ̀ tutù bí ti ámù. Níbẹ̀ làwọn Maya, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ yẹn, ti ń pọnmi láyé àtijọ́. Kéèyàn tó wọlé, wọ́n á ní kó lọ wẹ̀ ná kí ìpara lè kúrò lára, lẹ́yìn ìyẹn láìfù jákẹ́ẹ̀tì, àgbà, ọmọdé, mo mọ̀ ọ́n wẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò gbọ́ àwáwí. Màámi ní òun ò wọ omi. Ó ní kò burú, ó so ó mọ́ wọn lórí bùbá. Àwọn fọ́tò tá a ní nìyẹn, Màámi nínú ìró, bùbá àti láìfù jákẹ́ẹ̀tì ọsàn, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta, ẹja wẹ́wẹ́ ń gé wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá àwọn ará ibẹ̀ máa ń bọ omi náà. Mo ní láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń ju ọrẹ sínú òmíràn. Wọ́n ní "Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Omi tó tutù báyìí lólúwa ẹ̀."

A dé Chichén Itzá náà, ìlú àtijọ́ àwọn Maya, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, wọn kì í jẹ́ kéèyàn gun pírámíìdì òkúta tó wà níbẹ̀ mọ́, àkọ́bí mi ṣe ìṣirò pé àtẹ̀gùn 91 lọ́nà mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀kan lókè jẹ́ 365, iye ọjọ́ inú ọdún, ìyẹn ti tó.

Ẹ wò ó, Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Odò tí mo mọ̀ ni Ògùnpa, Ògùnpa tó gbé ilé gbé èèyàn lọ ní 1980, ìyá mi ò jẹ́ ká dé etí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ronú pé kí ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Tó o bá dá a lábàá, wọ́n á ní òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ. Èmi náà sọ ọ́ fún àkọ́bí mi nígbà tí iléèwé wọn fìwé ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ máa kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́, mo ní irun ẹ̀ á bàjẹ́, mo ní òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ. Bàbá Ìlàjẹ kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní nílé àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta ti ń fò sómi, ó ní òwe ará òkè nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà yìí, CDC, àjọ ìlera ìjọba ibí, ló sọ ọ́, omi ló ń pa ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ju ohunkóhun mìíràn lọ, tó bá sì kan ọmọ tó ti ń lọ síléèwé, àwọn ọmọ dúdú ló ń kú sínú púùlù ju ọmọ Òyìnbó lọ. Ìyẹn ní ìtàn, ìgbà kan wà tí wọn ò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú fẹsẹ̀ kan púùlù ìjọba, ṣùgbọ́n àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, àwáwí wa ni irun àti òwe.

Nítorí náà bàbá mi ní London, ẹ jẹ́ káwọn òbí máa kó ọmọ lọ, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì léèrè ẹni tó ń ṣọ́ púùlù àti aago tó ń dé tó ń lọ, ẹ má bi wọ́n léèrè irú bẹ́ẹ̀dì. Róbà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí tí wọ́n ń kì bọ ọmọ lápá, nǹkan ìṣeré ni, kì í ṣe láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ohun tí àwa ṣe fún ọjọ́ tó kù ni pé a mú gèlè Màámi kan, ẹni tó bá wà léjìká ẹ̀ lòun ló ń ṣọ́ ọmọ, kò gbọdọ̀ gbé fóònù, kò gbọdọ̀ gbé ife, tó bá rẹ̀ ẹ́ kó gbé gèlè fún ẹlòmíràn kó tó yíjú. Torí nígbà tí gbogbo wa ń ṣọ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn.

Alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tá a padà, wọ́n pa iná etíkun, wọ́n ní ìjàpá òkun ti gòkè. Àdúgbò yẹn ni ibi tí wọ́n ń pè ní Akumal wà, ilé àwọn ìjàpá ni wọ́n ní ìtumọ̀ ẹ̀ ní èdè Maya. Ó tóbi bíi tábìlì, ó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa ihò, iyanrìn ta sí Táyé lójú, ẹyin funfun róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sínú ihò náà, méjì, mẹ́ta, ọ̀kan, méjì, wọ́n ní ó lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tó bò ó tán ó padà sómi láìwẹ̀yìn. Kẹ́hìndé tí ò tíì dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn bi mí pé ta ló máa wá kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Mi ò rí èsì kan fún un.

Láti September la ti ń lọ kọ́ ọ ní gbogbo Sátidé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti èmi. Kẹ́hìndé ti lè dùbúlẹ̀ sórí omi, Táyé ní òun ò ṣe àfi tí wọ́n bá gbowó fún òun. Èmi, ọdún kọkànlélógójì mi rèé, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ń kọ́ mi, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ki ojú bọ omi mo ka éní dé àárún. Màámi ti padà sílé. Wọ́n pè mí lórí WhatsApp lánàá, wọ́n ní ṣé mo ṣì ń lọ síbi omi yẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Wọ́n ní "Òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ o, Ìyá Ìbejì." Mo ní mo ti gbọ́, ẹ ṣé, Màámi. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá bi mí bóyá wọ́n ń gba arúgbó níbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
Houston, Texas.